Ó ń kọrin kì í ṣe ẹ̀rí: dídán amplifáyà jukebox àtijọ́ wò lórí tábìlì

Lọ́dún tó kọjá, mo tún amplifáyà rédíògíráàmù kan ṣe nínú yàrá mi. Mo pààrọ̀ àwọn kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀, mo gbọn eruku ara rẹ̀ dànù, mo so sípíkà mọ́ ọn, mo sì ti púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó kọrin. Àwọn ará yàrá kejì wá wò ó, a jọ gbọ́ ojú kan àwo orin náà tán, mo sì yí i sí ojú kejì. Orin ojú kejì kò tíì dé àárín tí òórùn kan fi gba gbogbo yàrá, èéfín sì tẹ̀lé e. Tiransifọ́mà tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà ti jó. Títí di òní, mi ò rí irú rẹ̀ rà.

Kapásítọ̀ kékeré kan tí mi ò pààrọ̀ ló fà á. Mítà ì bá ti sọ fún mi láàárín ìṣẹ́jú kan, ká ní mo bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ó ti kọrin, mo sì rò pé iṣẹ́ ti parí.

Mo ń sọ èyí nítorí amplifáyà mìíràn ti wà lórí tábìlì wa báyìí. Inú jukebox ará Amẹ́ríkà kan ni wọ́n ti yọ ọ́, èyí tó ti wà nínú yàrá ẹrù ilé kan ní Òmù-Àrán láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Àwọn ọmọ ilé náà fẹ́ kó kọrin níbi ìrántí bàbá wọn. A ti jó lẹ́ẹ̀dì gbogbo ohun tó yẹ ká jó. Ohun tó kù ni bí a ó ṣe mọ̀ pé a lè gbé e lé wọn lọ́wọ́ láìbẹ̀rù. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni ọ̀nà tí a gbà, àti ibi tí a ti kọsẹ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ kò rí jukebox rí: àpótí orin ni, tí ènìyàn ń sọ owó onírin sí, tí á tẹ bọ́tìnnì, tí apá kan nínú rẹ̀ á sì lọ mú àwo tó yàn wá. Lọ́dún 1948 ni ilé iṣẹ́ Seeburg gbé M100A jáde, tó fún ènìyàn láǹfààní láti yan orin 100. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni RCA Victor gbé àwo kékeré tó ń yí ní ìgbà 45 láàárín ìṣẹ́jú kan jáde, àwo yìí ló sì wá gba inú jukebox kan. Ohùn irú àpótí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ borí ariwo ilé ọtí láti ọ̀sán títí di òru, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi lo fáàfù 6L6 méjì. RCA ló ṣe 6L6, lọ́dún 1936. Nínú èyí tó wà lọ́wọ́ wa, 6L6 méjì ló ń ti ohùn jáde, ọ̀kan ń tì bí èkejì ṣe ń fà, 5U4 kan sì ń sọ iná AC di DC fún wọn.

Kí iná tó dé ibẹ̀

Ẹ má fi iná sí i. Ẹ kọ́kọ́ lo ojú àti mítà. A wọn kọ́ílì gbogbo tiransifọ́mà: ṣé wáyà kò já, ṣé kò sì sí èyí tó kan ṣáásì níbi tí kò yẹ? Tiransifọ́mà ohùn ni ẹ̀mí ẹ̀rọ yìí. Àwọn tó ń wé kọ́ílì fáànù àti pọ́ńpù omi pọ̀ ládùúgbò wa, iṣẹ́ wọn sì dára, ṣùgbọ́n tiransifọ́mà ohùn yàtọ̀: wọ́n pín kọ́ílì rẹ̀ sí ìpele ìpele, wọ́n fi ọ̀kan há àárín èkejì, kí ohùn tó rí tín-ín-rín lè kọjá. Bó bá jó, kì í ṣe ohun tí a lè gbé fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà.

Gbogbo ohun tí a yọ, a dì í sínú ọ̀rá, a kọ ibi tó ti wá sára rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí wa. Ní Èsìẹ́, nílé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí lọ́dún 1945, èyí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ère òkúta ibẹ̀ ni orí wọn ti kúrò lọ́rùn kí àwọn olùtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá ju orí nù torí pé kò mọ ọrùn tó ni ín ti ba iṣẹ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ́. Kapásítọ̀ oníbébà tó ti kú kò níye lórí tó ère, mo mọ̀, àmọ́ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ lè jẹ́ ẹyọ ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù nípa ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ibi àkọ́kọ́ tí a ti kọsẹ̀ nìyí. Kapásítọ̀ tó pọ̀ lọ́jà kì í ju 450V lọ, a sì fẹ́ lo ọ̀kan ṣoṣo torí pé ìwé fi hàn pé iná DC inú ẹ̀rọ náà yóò wà ní nǹkan bí 360V. Bẹ́ẹ̀, 5U4 tètè ń gbóná ju 6L6 lọ. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan tí 6L6 kò tíì jí, kò sí ẹni tó ń fa iná náà, fóltéèjì yóò sì gòkè dé góńgó ìgbì AC. Kọ́ílì tiransifọ́mà wa ń mú 350V jáde ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.414, ó di 495V. Bí iná ìjọba bá sì gòkè lọ́jọ́ náà, yóò kọjá 500V. Kapásítọ̀ 450V yóò máa gba ìyà yìí lójoojúmọ́ títí yóò fi bẹ́. A wá to méjì tó jẹ́ 47µF, 450V tẹ̀léra, a so rẹsítọ̀ 220kΩ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè pín fóltéèjì náà dọ́gba. Ó di 23.5µF tó lè gba 900V. Àwọn rẹsítọ̀ yìí tún ń ṣe iṣẹ́ kejì: bí a bá pa ẹ̀rọ, wọ́n ń tú iná tó kù sínú kapásítọ̀ dànù láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan.

Ẹ dúró pé ìṣẹ́jú náà, kẹ́ ẹ sì tún fi mítà wò ó kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. 360V DC kì í ṣeré. Ọwọ́ òsì sínú àpò, bàtà lẹ́sẹ̀, kò sí òrùka tàbí ṣéènì lára, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí tó mọ ibi tí ìyípadà iná wà. Ẹni tó bá ń dá ṣe é lóru torí pé òru ni iná ń dé, kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Iná wa kọ́ ni iná wọn

Wọ́n ṣe ẹ̀rọ yìí fún 117V tó ń yípo ní 60Hz. Tiwa jẹ́ 230V ní 50Hz. Gbogbo ènìyàn ló ń rántí fóltéèjì, wọn á sì ra tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di 115. Iye ìyípo ni wọ́n ń gbàgbé. Ohun tó ń kún irin inú tiransifọ́mà ni fóltéèjì tí a pín sí iye ìyípo: nílé wọn, 117 pín sí 60 jẹ́ 1.95, níbí, 115 pín sí 50 jẹ́ 2.3. Irin náà ń gba ẹrù tó fi bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ju èyí tí wọ́n dì fún un lọ. Bí ẹni tó ṣe é bá fi àyè sílẹ̀, yóò gbé e. Bí kò bá fi sílẹ̀, irin á kún dé ẹnu, tiransifọ́mà á gbóná, á sì máa kùn láìsí ẹni tó ń lo iná inú rẹ̀. Nítorí náà, a yọ gbogbo fáàfù, a tan án fún wákàtí kan gbáko, a ń fi ọwọ́ kan ìdérí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbóná débi tí ọwọ́ kò lè gbé. Ká ní ó gbóná ni, a ò bá dín fóltéèjì tó ń wọlé kù sí 105V, kí àwọn fáàfù sì fara mọ́ ọn.

Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu méjì tó bá a wá, a gé e kúrò. A fi ẹlẹ́nu mẹ́ta sí i, a so ṣáásì mọ́ ẹ́ọ̀tì. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ tiransifọ́mà 230 sí 115 tí wọ́n ń tà lọ́jà kò ní ẹ́ọ̀tì lẹ́nu ibi tí iná ti ń jáde, nítorí náà wáyà ẹ́ọ̀tì tiwa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ tààrà sí ara ògiri. Kapásítọ̀ kékeré kan tún wà láàárín wáyà iná àti ṣáásì. Ìyẹn náà kúrò: bó bá já sínú, ara ẹ̀rọ gan-an ni iná yóò wà.

Lẹ́yìn èyí la mú gílóòbù wá. Gílóòbù 100W, irú èyí tó ní wáyà tín-ín-rín nínú tó sì máa ń gbóná, ni a to tẹ̀léra pẹ̀lú ẹ̀rọ náà ní apá 230V. Ó ti ń ṣòro díẹ̀ láti rí i rà báyìí, ṣùgbọ́n ti LED kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tó bá tutù, ìdènà wáyà rẹ̀ kéré, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìdènà ìgbà tó bá tàn gidi, èyí tó jẹ́ 529Ω. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá fa iná díẹ̀, gílóòbù á jẹ́ kó kọjá. Bí nǹkan bá kàn lára wọn nínú ẹ̀rọ, gílóòbù á tàn gbàrà, á sì gba gbogbo iná náà mọ́ra. Tiwa tàn lẹ́ẹ̀kan, ó sì rọ di pupa bàìbàì. A fi 5U4 sí i, a wò ó. A fi àwọn kéékèèké sí i, a wò ó. 6L6 ló kẹ́yìn. Kí wọ́n tó wọlé ni a ti so ẹrù mọ́ ẹnu ibi tí ohùn ti ń jáde, torí pé ẹ̀rọ oní-fáàfù kò gbọ́dọ̀ kọrin láìní ẹrù: fóltéèjì yóò ta padà sínú tiransifọ́mà ohùn, yóò sì dá ihò sára rẹ̀.

Ìbéèrè tí mi ò bi í léèrè lọ́dún tó kọjá

Níbí ni kí a ti fara balẹ̀.

A yọ gílóòbù kúrò. Tiransifọ́mà kékeré ń mú 114V jáde. Fóltéèjì tó ń mú fáàfù gbóná jẹ́ 6.2V, ó dára. Iná DC ńlá jẹ́ 362V. Nínú ẹ̀rọ yìí, cathode àwọn 6L6 méjèèjì jọ ń lo rẹsítọ̀ kan ṣoṣo, 250Ω. A wọn fóltéèjì orí rẹ̀: 24V. Ẹ pín 24 sí 250, ó di 0.096A, ìyẹn 96mA fún àwọn méjèèjì, 48mA fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí a yọ 24V cathode àti èyí tó pòórá nínú kọ́ílì tiransifọ́mà ohùn, 330V ló kù lórí fáàfù kọ̀ọ̀kan. 330 lọ́nà 0.048 jẹ́ 15.8W. Ìwé RCA sọ pé plate 6L6 àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá 19W. Àyè ṣì wà. Àwọn 6L6GC tó wọ́pọ̀ lónìí tilẹ̀ lè gbé 30W.

Bí a bá dúró síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ dà bí ẹni pé ó pé. Ṣùgbọ́n “48mA fún ẹnì kọ̀ọ̀kan” jẹ́ ìpín tí èmi fọkàn pín. Rẹsítọ̀ kan ṣoṣo kò lè sọ ẹni tó ń jẹ púpọ̀ àti ẹni tí ebi ń pa. Nítorí náà, a wọn grid ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ṣáásì. Ó yẹ kó jẹ́ òfo. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ òfo. Ti èkejì jẹ́ +1.1V.

1.1V! Ta ni yóò bẹ̀rù ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ 362? Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni arákùnrin ohun tó jó rédíògíráàmù mi. Grid tó bá ń gòkè yóò ṣí ilẹ̀kùn fún kọ́rẹ́ǹtì. Bí fáàfù bá ti ń gbóná, kapásítọ̀ ìtòsí rẹ̀ náà á gbóná, á túbọ̀ jò, grid á sì tún gòkè sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ kì í fi í hàn. Orin ojú kìíní ń lọ geere ní tirẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni +1.1V lè gbà dé ibẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kapásítọ̀ tó ń gbé ohùn wá láti ọ̀dọ̀ fáàfù ìṣáájú ló ń jò, ó sì lè jẹ́ pé 6L6 fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ọ̀nà láti yà wọ́n rọrùn: ẹ pa á, ẹ yọ 6L6 yẹn kúrò, ẹ tan án padà, ẹ sì tètè wọn ibi grid náà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì fáàfù. Bí fóltéèjì náà bá ṣì wà, kapásítọ̀ ni. Bó bá lọ, fáàfù ni. Tiwa ṣì wà.

Ìtìjú wa ni pé kapásítọ̀ yìí, a ti yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀. Mítà kapásítọ̀ sọ pé iye µF rẹ̀ pé, a sì fi í sílẹ̀ torí pé ó rí bí tuntun. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Rẹsítọ̀ grid jẹ́ 470kΩ, 1.1V lórí rẹ̀ jẹ́ 2.3µA. Fáàfù ìṣáájú ní 160V. Ìdènà tó lè jẹ́ kí 2.3µA kọjá lábẹ́ nǹkan bí 159V jẹ́ nǹkan bíi 68MΩ. Mítà yín ní yàrá yóò sọ pé 68MΩ kò jò rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ lè kà á. Bátìrì inú mítà kò lágbára láti fi ìjò náà hàn. Iná ẹ̀rọ gan-an ló lè fi í hàn. A fi tuntun oní-630V sí i, àti sí ẹgbẹ́ kejì náà. Grid méjèèjì di òfo, fóltéèjì cathode sì wálẹ̀ díẹ̀ sí 23.4V.

Ẹrù, ìgbì àti ìkùn

Ẹni tí kò bá rí rẹsítọ̀ 8Ω tó lè gbé 50W rà, kó lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta irin ìgbóná kẹ́tùlù. 2000W ní 230V túmọ̀ sí 26.5Ω, mẹ́ta tí a so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ nǹkan bí 8.8Ω. Tiwa jẹ́ 8.7Ω. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó wọn lọ fi púlọ́ọ̀gì sí wọn lára.

Fóònù ló fún wa ní ìgbì, nípa áàpù tó ń mú ohùn gbọọrọ kan jáde, a sì fi kapásítọ̀ 0.1µF oní-630V sáàárín kí iná ẹ̀rọ má bàa wá bá fóònù. Ní 1kHz, orí ìgbì náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ lójú oscilloscope nígbà tó dé 13.4V. 13.4 lọ́nà 13.4, pín sí 8.7, jẹ́ 20.6W. Ìwé RCA sọ pé 6L6 méjì tí wọ́n lo rẹsítọ̀ 250Ω báyìí, lábẹ́ 360V, lè mú 24.5W jáde, tiransifọ́mà ohùn ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà inú wa dùn sí 20.6. Orí méjèèjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, tẹ́ pa pọ̀. Bí ọ̀kan bá ṣáájú èkejì, 6L6 méjèèjì kò bára mu nìyẹn. Ẹ má gbé ẹnu oscilloscope lé plate 6L6 o. Fóltéèjì ibẹ̀ ń fò ju èyí tí ọ̀pọ̀ wáyà rẹ̀ lè gbà lọ.

Ìkùn náà ní èdè tirẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, iná AC tó sá wọ inú ohùn láti ara wáyà ìgbóná fáàfù ń kùn ní 50Hz, ó wúwo, ó jinlẹ̀. Èyí tó bá wá láti ara kapásítọ̀ DC tó ti rẹ̀ ń kùn ní 100Hz, torí pé 5U4 ń lo apá méjèèjì ìgbì. Ìwé Amẹ́ríkà yóò sọ fún yín pé 60 àti 120; ẹ má tẹ̀ lé e. Tiwa jẹ́ 100Hz, 120mV. Ẹ̀rọ tí a ti pààrọ̀ kapásítọ̀ rẹ̀? A wá a fún ọjọ́ méjì. Wáyà ilẹ̀ kapásítọ̀ àkọ́kọ́ ni a so mọ́ ibi tí ilẹ̀ fáàfù kékeré wà, tí kọ́rẹ́ǹtì ńlá fi ń gba ilé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kọjá. A gbé e kúrò níbẹ̀, ó di 18mV.

Ọ̀rọ̀ inverter náà wà. Ọjọ́ kan tí iná lọ, a fi inverter olówó pọ́ọ́kú tan ẹ̀rọ náà. Mítà sọ pé 229V ń jáde, ṣùgbọ́n iná DC inú ẹ̀rọ kò kọjá 320V. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ìgbì inverter yẹn jẹ́ onígun, góńgó rẹ̀ kò dé 325V tó jẹ́ góńgó 230V gidi, bẹ́ẹ̀ góńgó ni 5U4 àti kapásítọ̀ ń lò. Òǹkà tí ẹ bá kọ lórí inverter, ẹ kọ “inverter” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ní ìṣòro tirẹ̀, torí pé iye ìyípo rẹ̀ ń gòkè ń sọ̀ bí ẹrù bá ṣe ń yí padà.

Amplifáyà nìkan ni mo ń sọ látẹ̀yìnwá, àmọ́ àwọn tó ni ín kò ní gbọ́ amplifáyà, orin ni wọ́n máa gbọ́. Mọ́tò tó ń yí àwo tẹ̀ lé iye ìyípo iná. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún 60Hz yóò yí àwo 45 ní 37.5 lórí 50Hz tiwa. Ohùn á sọ̀kalẹ̀ ju ìdajì ohùn mẹ́ta lọ, I. K. Dairo tó ń fi ohùn òkè kọrin á di bàbá arúgbó lójijì. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí èyí nínú amplifáyà. A ti ní kí atọ́rin kan gbẹ́ kẹ̀kẹ́ kékeré tuntun fún ẹnu mọ́tò, kí ó fi ìdá kan nínú márùn-ún fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní báyìí, wákàtí mẹ́jọ ni a fẹ́ kí ẹ̀rọ náà fi ṣiṣẹ́ lórí ẹrù kẹ́tùlù, lórí iná ìjọba, ká tó so sípíkà gidi mọ́ ọn. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, a ń kọ nǹkan mẹ́rin: iná tó ń wọlé, iná DC, fóltéèjì cathode, àti grid méjèèjì. Bébà náà ni yóò tẹ̀ lé e lọ, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn àpótí. Iná lọ lẹ́yìn wákàtí kẹta. Ó padà dé lánàá ní aago mẹ́ta ọ̀sán, 218V ló wà lójú mítà, grid méjèèjì wà ní òfo, a sì bẹ̀rẹ̀ wákàtí kẹrin.